Owó Fàdákà Dúkù Apulia àti Owó Ọjà Bouaké

Ẹni tí ó bá ná ọjà ní ìlú Bouaké, yálà ní àdúgbò Belleville ni o tàbí ní ibòmíràn nínú ìlú náà, yóò ṣàkíyèsí pé oníṣòwò tí ó bá ń sọ èdè Dioula kì í ka owó rẹ̀ ní fàràǹkì. Dọrọmẹ ni ó fi ń kà á. Dọrọmẹ kan jẹ́ fàràǹkì 5. Ogún dọrọmẹ jẹ́ fàràǹkì 100. Ọgọ́rùn-ún dọrọmẹ, tí wọ́n ń pè ní kẹmẹ, jẹ́ fàràǹkì 500. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Ẹ̀jìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí àwọn onílé ń pè ní Ànàgó, kì í pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìṣirò yìí bí ẹni mọ orúkọ bàbá rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, èrè ọjọ́ kan lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ibo ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí? Láti inú èdè àwọn Lárúbáwá ni. Dirham ni orúkọ owó fàdákà wọn láyé àtijọ́, àwọn Lárúbáwá pàápàá sì yá orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn ará Gíríìsì, tí wọ́n ń pe owó fàdákà tiwọn ní drachma. Àwọn oníṣòwò tí ń la aṣálẹ̀ kọjá ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Wolof ní ilẹ̀ Senegal náà ń lò ó, iye kan náà ni wọ́n sì ń fi í pè, èyí ni fàràǹkì 5. Fàdákà ti kúrò nínú owó tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Owó fàdákà mìíràn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, owó tí a fi òòlù lù ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó lé ọgọ́rin sẹ́yìn, ní orúkọ ilẹ̀ dúkù kan ní Yúróòpù. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé Bouaké, ìtàn owó náà kò jìnnà sí ohun tí ojú àwọn ènìyàn wa ti rí.

Dúkù, fún ẹni tí kò bá mọ̀, jẹ́ olóyè tí ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń ṣàkóso, tí ó lè ní ọmọ ogun, tí ó sì lè gba owó orí, ṣùgbọ́n tí ó sábà máa ń wà lábẹ́ ọba kan. Ilẹ̀ Apulia wà ní gúúsù Ítálì, ní ibi tí ilẹ̀ náà ti na ẹsẹ̀ sínú òkun. Àwọn jagunjagun Norman, tí wọ́n ti àríwá ilẹ̀ Faransé wá, ni wọ́n gba ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1130, ọ̀kan nínú ìdílé wọn, Roger Kejì, gba adé ní Palermo, ó di ọba Sicily, ó sì fi ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Roger, ṣe dúkù Apulia.

Ní ọdún 1140, ọba yìí pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ sí ìlú Ariano, ó sì pàṣẹ pé kí a dá owó tuntun sílẹ̀. Nítorí orúkọ ilẹ̀ dúkù náà ni a ṣe ń pe owó yìí ní ducalis. Láti ara orúkọ yìí ni ọ̀rọ̀ náà ducat ti wá, èyí tí ayé fi ń pe owó ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ojú kan owó náà ni àwòrán Jésù wà, pẹ̀lú àkọlé tí ó sọ pé Òun ni ó ń jọba títí ayé. Ní ojú kejì, ọba àti ọmọ rẹ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n jọ di àgbélébùú gígùn kan mú láàárín. Lẹ́tà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi kọ orúkọ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún kẹwàá ìjọba ni a ṣe é. Owó náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí owó òde òní. Ó kò díẹ̀ bí àwo kékeré, gẹ́gẹ́ bí àwọn owó ìlú Constantinople tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti ń ṣe irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa kò ní ṣàì mọ iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá rí i. A ó yọ́ fàdákà, a ó lù ú títí yóò fi di pẹlẹbẹ, a ó sì gé e sí wẹ́wẹ́, a ó máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ irin méjì ni a ó gbẹ́ àwòrán sí lára. A ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ lórí ìtì igi, ojú rẹ̀ yóò kọjú sókè. A ó fi fàdákà tí a gé lé e lórí. A ó gbé òǹtẹ̀ kejì lé fàdákà náà. A ó sì fi òòlù lu òǹtẹ̀ tòkè náà gbàmù. Bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán yóò ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí ìdí èyí, kò sí méjì nínú irú owó wọ̀nyí tí ó jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀, etí wọn kò sì rí róbótó dáadáa. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ a máa rẹ́ etí owó náà díẹ̀díẹ̀, wọn a sì yọ́ ohun tí wọ́n rẹ́ jọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ dé, tí ó ń fi ìlà wẹ́wẹ́ yí etí owó ká, ni ọgbọ́n àrékérekè yìí tó já sí asán. Ẹni tí ó bá mú owó òde òní lọ́wọ́ tí ó sì rí àwọn ìlà náà, kí ó mọ̀ pé nítorí olè ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀.

Owó Roger kò wọ́pọ̀ mọ́ láyé òde òní, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Nígbà tí ọba kan bá kú tí òmíràn dé, a máa ń kó owó àtijọ́ wọlé, a ó yọ́ ọ, a ó sì fi òǹtẹ̀ tuntun tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó ṣẹ́kù sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹnì kan rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun tí kò sì padà wá wú u, tàbí èyí tí ó bọ́ sọnù lọ́wọ́ ènìyàn lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú owó yìí ṣe pàtàkì jù ni ariwo tí ó dá sílẹ̀. Akọ̀wé kan wà ní ìlú Benevento tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Falco, tí ó ń kọ ìtàn ìgbà ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ọba pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má ṣe ná owó tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀ mọ́, èyí tí a ń pè ní romesina. Ó ní ọba ka ducalis kan sí romesina 8, bẹ́ẹ̀ bàbà inú rẹ̀ pọ̀ ju fàdákà lọ. Ó ní owó burúkú yìí sọ àwọn ènìyàn di òtòṣì, ó sì mú kí wọ́n máa fẹ́ kí ọba kú tàbí kí a rọ̀ ọ́ lóyè. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀tá Roger ni Falco, àti pé ìlú rẹ̀ wà lábẹ́ Póòpù, kì í ṣe lábẹ́ ọba náà. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọba kò ní yin owó rẹ̀. Síbẹ̀, lójú tiwa, ẹ̀sùn náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀: bí ìjọba bá fi òfin sọ pé ohun kan tó 8, tí ọjà sì mọ̀ pé kò tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni yóò gbé ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹni náà kì í sì í ṣe ọba.

Àwọn ará Venice ṣe é lọ́nà mìíràn. Olórí tiwọn, tí wọ́n ń pè ní doge, ọ̀rọ̀ tí kò ju dúkù lọ nínú èdè wọn, ni Enrico Dandolo. Nígbà ìjọba rẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1192 tí ó sì parí ní 1205, wọ́n lu owó kan tí fàdákà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà kankan. Wọn kò dín fàdákà rẹ̀ kù fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣòwò láti ìlú dé ìlú ní etí Òkun Mẹditaréníà sì ń gbà á láìwọ̀n ọ́n. Àwọn ará Venice kò ní ilẹ̀ púpọ̀, wọn kò ní ohun ìwakùsà. Òwò ni wọ́n ń jẹ, oníṣòwò sì mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá kọ owó òun ni ilé òun wó.

Ohun kan tún wà nípa Roger yìí tí ó kàn wá gan-an. Ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá kan ń gbé ní ààfin rẹ̀ ní Palermo, al-Idrisi ni orúkọ rẹ̀. Ọba rán an pé kí ó kọ ìwé tí yóò ṣàpèjúwe gbogbo ayé tí a mọ̀ nígbà náà. Ọdún 1154 ni ó parí rẹ̀, ọdún náà gan-an ni ọba kú. Kí ó tó kọ ìwé náà, ọba mú kí a ya àwòrán ayé sára fàdákà ńlá kan, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ratl 400, ratl kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ dirham 112. Dirham yìí kan náà ni dọrọmẹ ti ọjà Bouaké. Nínú ìwé náà, al-Idrisi sọ̀rọ̀ nípa ọba Ghana, ẹni tí ó ní òkúta wúrà kan ṣoṣo tí ó wọn ratl 30, tí a dá ihò sí láti máa so ẹṣin ọba mọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Wangara pẹ̀lú, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣa wúrà lẹ́yìn tí omi bá fà, tí àwọn oníṣòwò àríwá sì ń rà á lọ láti fi ṣe owó ní ilẹ̀ wọn.

Orúkọ Wangara yìí ni a fi ń pe àwọn oníṣòwò tí ìran wọn tẹ̀ síwájú sí gúúsù, tí wọ́n sọ Kong di ìlú òwò ńlá, tí a sì ń pè ní Dioula lónìí. Nígbà tí Samori pa Kong run ní 1897, àwọn ènìyàn ibẹ̀ fọ́n ká. Ní àyíká Bouaké, àwọn Baulé ti ń fi ìwọ̀n ide kéékèèké wọn ìyẹ̀fun wúrà, iṣẹ́ ọnà tí ayé ń wò tìyanu-tìyanu títí di òní nínú ilé ìkóǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Kò sí orí ọba lára ìyẹ̀fun wúrà. Ẹni tí ó bá ní ìwọ̀n tirẹ̀, tí ó sì ní ojú, yóò mọ ohun tí òun gbà.

Àwọn Faransé dé, wọ́n sì fẹ́ kí a máa ná owó tí orúkọ tiwọn wà lára rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò le: ní ọdún 1901 wọ́n fi owó orí lélẹ̀ ní Côte d'Ivoire, fàràǹkì 2 àti àbọ̀ lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní fàràǹkì ní láti wá a, kò sì lè rí i àfi kí ó ta nǹkan fún ẹni tí ó ní in, tàbí kí ó ṣiṣẹ́ fún un. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Abidjan wá dé Bouaké ní 1912, ọjà sì gbòòrò sí i. Lára àwọn tí ó tẹ̀lé ọ̀nà òwò náà wá ni àwọn ènìyàn wa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ìtàn owó kò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ẹyọ ni àwọn bàbá wa ń ná: ogójì ẹyọ ní okùn kan, àádọ́ta okùn ní ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ní ọ̀kẹ́ kan. Lẹ́yìn 1845, àwọn oníṣòwò ìlú Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi díẹ̀ tí kò sì wọ́n, láti Zanzibar wá sí etíkun wa. Ọkọ̀ òkun lé ọkọ̀ òkun ni wọ́n ń já a. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ọ̀kẹ́ jọ sínú ilé rí i pé ohun tí ọ̀kẹ́ rẹ̀ lè rà ń dín kù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni olè kò wọlé.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London ní 1912, ṣílè fàdákà gidi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wa, láti 1913, pẹ̀lú sísì àti tọ́rọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n gógó. Ní 1920, wọ́n dín fàdákà inú ṣílè tiwọn ní London kù sí ìdajì. Ti àwa ńkọ́? Ide ni wọ́n sọ tiwa dà. Iye tí a kọ sí i kò yí padà, òfin sì ní kí a gbà á bẹ́ẹ̀. A rò pé bí Falco bá jí dìde ní Èkó ní ọdún náà, kò ní wá ọ̀rọ̀ tì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Bouaké. Sẹ́fà, tí àwọn ènìyàn wa ń ná níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù December 1945. Láti 1948, sẹ́fà kan ń gba fàràǹkì Faransé 2. Nígbà tí Faransé dá fàràǹkì tuntun sílẹ̀ ní 1960, sẹ́fà 50 wá di fàràǹkì tuntun kan. Iye yìí kò yẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, àwọn ènìyàn sì rò pé òkè ni, kò lè ṣí nídìí. Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny kò fẹ́ gbọ́ pé a ó dín in kù. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù December 1993. Kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù January 1994, a kéde ní Dakar pé láti ọjọ́ kejì, sẹ́fà 100 ni yóò máa gba fàràǹkì Faransé kan.

Ẹni tí ó sùn pẹ̀lú owó tí ó tó ra báàlì aṣọ méjì láti òkè òkun jí, ó rí i pé báàlì kan ṣoṣo ni ó kù. Àwọn tí ń tà kòkó àti kọfí sókè òkun jèrè níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi èyí pa mọ́; ìdí kan tí a fi ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kékeré tí ń ra oògùn, aṣọ tàbí ohun èlò mọ́tò tí ó ti òkèèrè wá, kò sí àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi pàrọ̀ àdánù. Àwọn ará wa tí ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́lé wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ.

Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ogun abẹ́lé tún fi dé. Ní oṣù September 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, wọ́n sì fi í ṣe olú ìlú tiwọn. Àwọn báǹkì ti ilẹ̀kùn. Ní September 2003, àwọn tí ó ní ìbọn fọ́ ilé Báǹkì Àpapọ̀ BCEAO ní ìlú náà láti kó owó inú rẹ̀, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ènìyàn tí ó lé ní ogún ni ó bá a rìn. Nígbà tí ó sì di òpin ọdún 2004, owó bébà tí ó ti wà láti 1992 kò bófin mu mọ́. Ìran tuntun ni a ní láti máa ná. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan ní Belleville tí ó fi owó sábẹ́ ẹní nítorí pé kò sí báǹkì. Kí ó tó lè pàrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò la ibùdó àyẹ̀wò àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọjá, yóò tún la ti ìjọba kọjá, pẹ̀lú owó lára rẹ̀. Tàbí kí ó gbé e fún ẹni tí yóò bá a lọ, kí ẹni náà sì yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà má ṣe fi èyí rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun wa fún àwọn ènìyàn ní láti ọjọ́ 25 oṣù April sí ọjọ́ 6 oṣù May láti pàrọ̀ náírà wọn, a sì ti ẹnu ibodè. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Bouaké pẹ̀lú náírà nínú àpótí rẹ̀ kò lè dé ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ńkọ́? Owó àtijọ́ di ohun tí a kọ̀, owó tuntun kò sì tó nǹkan, àwọn ènìyàn ń sùn sí ẹnu ọ̀nà báǹkì, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù March pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́ títí di òpin ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ọjà tí ó lè bàjẹ́ ti bàjẹ́ kí ìdájọ́ náà tó dé.

Iyàtọ̀ kan wà láàárín Roger àti àwọn ìjọba òde òní, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ẹni tí ó gba ducalis ní 1140 lè gbé e sórí ìwọ̀n, ó lè fi iná yọ́ ọ, kí ó sì rí bàbà inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Bébà kò ní bàbà, kò ní fàdákà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń béèrè pé kí a máa tètè sọ fún àwọn ènìyàn nígbà tí a bá fẹ́ yí owó padà, kí a fún wọn ní àkókò tí ó tó, kí a sì ronú kan àwọn tí báǹkì jìnnà sí.

Ní ọjọ́ 21 oṣù December 2019, Ààrẹ Alassane Ouattara àti Ààrẹ Emmanuel Macron kéde ní Abidjan pé a ó yí orúkọ sẹ́fà padà sí eco. Títí di ìgbà tí a ń kọ àsọyé yìí, sẹ́fà ni a ṣì ń ná ní Bouaké, 655.957 fún euro kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láti 1999. Bí eco bá dé, ìjọba yóò kọ iye tí ó bá wù ú sí i lára. Ní ti àwọn Dioula inú ọjà, ó dà bí ẹni pé dọrọmẹ náà ni wọn yóò máa kà.